Ìgbì Inú Àyè àti Ìgbà: Ìtàn Ohun tí A Fi Ọgọ́rùn-ún Ọdún Wá

 

Nígbà tí ìwé ìpè Ẹ̀ka yìí tẹ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n wá sọ̀rọ̀ ní gbangba, n kò ronú pẹ́ kí n tó mọ ohun tí n ó sọ, nítorí pé gbèsè kan ti wà lọ́rùn mi láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ní àkókò náà, olùkọ́ físíìsì ni mo jẹ́ ní ilé-ìwé girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé kò pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí a bá rí kà, àlòkù ni, èyí tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún yìí lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti tẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ti kà pé ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Joseph Weber, ti rí ìgbì òòfà mú, ìgbì tí Albert Einstein sọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1916. Inú mi dùn. Mo gbé ìròyìn náà wọ kíláàsì, mo sì fi ìdánilójú kọ́ àwọn ọmọ náà. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo kọ́ wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Kí n tó ra ìwé náà pàápàá ni àwọn onímọ̀ mìíràn ti tún iṣẹ́ Weber ṣe, tí wọn kò sì rí ohun tí ó ní òun rí. Àwọn ọmọ náà ti di bàbá àti ìyá ọmọ báyìí. Bóyá àwọn kan nínú wọn wà níhìn-ín lónìí. Gbèsè kì í pẹ́ títí kí ó di ẹ̀bùn; mo wá san án.

Ìdí kejì tún wà. Nígbà tí èmi náà wà lórí bẹ́ǹṣì, olùkọ́ wa kan sọ fún wa pé èdè Yorùbá dára fún oríkì àti fún ìjà, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. N kò gbà á gbọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò ní èsì tí mo lè fún un. Ẹ jẹ́ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òní jẹ́ èsì náà.

I. Ohun tí à ń pè ní ìgbì òòfà

Ní ọdún 1687, Isaac Newton ṣàlàyé pé gbogbo ohun tí ó ní ìwúwo ni ó ń fa ara wọn mọ́ra. Òòfà yìí ni ó ń mú kí ọsàn já bọ́ sílẹ̀ láti orí igi, òun náà ni ó sì ń mú kí òṣùpá máa yí ayé po. Ṣùgbọ́n Newton kò sọ ọ̀nà tí òòfà ń gbà rìn láti ọ̀dọ̀ oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ìṣírò rẹ̀, àfi bí ẹni pé lójú ẹsẹ̀ ni ó ń dé, kò sì sí ońṣẹ́ tí ń gbé e.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1915 ni Einstein gbé èrò mìíràn kalẹ̀ ní ìlú Berlin. Ó ní àyè tí a wà nínú rẹ̀ àti ìgbà tí a ń kà kì í ṣe ohun méjì tí ó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n, ohun náà sì ṣeé tẹ̀, ó sì ṣeé nà. Ohun tí ó bá wúwo a máa tẹ àyè àti ìgbà tí ó yí i ká, títẹ̀ náà sì ni à ń rí tí a ń pè ní òòfà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó fi ìṣírò hàn pé bí àwọn ohun wíwúwo bá ń yí ara wọn po, ó yẹ kí àyè àti ìgbà máa mì, kí ìmìtìtì náà sì máa tàn ká bí ìgbì omi ṣe ń tàn nígbà tí a bá sọ òkò sínú odò.

Kí èyí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀dọ̀ aláṣọ. Bí ènìyàn méjì bá di aṣọ tí ń nà mú, tí wọ́n sì fà á ní òró, aṣọ náà yóò gùn ní òró, yóò sì fún ní ìbú. Bí wọ́n bá tún wá fà á ní ìbú, yóò fẹ̀ ní ìbú, yóò sì kúrú ní òró. Báyìí gan-an ni ìgbì òòfà ń ṣe sí àyè bí ó bá ti ń kọjá: yóò nà án sí ìhà kan, yóò fún un ní ìhà kejì, lẹ́yìn náà yóò yí i padà. Kì í rìn nínú afẹ́fẹ́ bí ohùn ìlù. Àyè fúnra rẹ̀ ni ó ń mì. Ìyára rẹ̀ sì bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, èyí tí í ṣe nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kí ni ó wá dé tí a kò fi mọ̀ ọ́n lára? Ọ̀nà tí ó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ nǹkan bí 50 kìlómítà. Bí ìgbì òòfà tí ó lágbára tó èyí tí a kọ́kọ́ rí mú bá kọjá, ọ̀nà náà yóò gùn, yóò sì kúrú, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò ní í tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìbú prótọ́ọ̀nù kan. Prótọ́ọ̀nù yìí, èérún tí ó wà ní àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù ni. Kò sí ojú tí ó lè rí i. Ohun tí ó kéré tó báyẹn ni àwọn ènìyàn fi ọgọ́rùn-ún ọdún wá.

II. Erékùsù kan nínú òkun wa

Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa tó bí ẹlòmíràn ti lè rò. Ibi tí ayé ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rí ńlá pé èrò Einstein lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, inú òkun tí ń lu etíkun Èkó ni ó wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ pátápátá. Arthur Eddington àti Edwin Cottingham ti gbé awò wọn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí erékùsù Príncipe, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Pọtogí nígbà náà, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí oko kòkó kan tí à ń pè ní Sundy. Àwọn ẹgbẹ́ wọn mìíràn lọ sí Sobral ní ilẹ̀ Bùràsíìlì.

Òjò rọ̀ ní Príncipe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu sì bo ojú ọ̀run. Díẹ̀ nínú àwòrán tí Eddington yà ni ó wúlò. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kó àbájáde ibi méjèèjì jọ, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá ti tẹ̀, bí Einstein ti wí. Àwa tí a wà láyé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006 rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, nígbà tí òṣùpá kọjá níwájú oòrùn. Mo rántí bí àwọn kan ti sá wọlé, tí àwọn mìíràn ń wo ọ̀run láti inú fíìmù dúdú tí dókítà fi ń ya àwòrán egungun. Mo dúró ní àgbàlá, mo ń ronú pé láti inú irú òkùnkùn ojú ọ̀sán bẹ́ẹ̀, nítòsí wa níhìn-ín, ni ìmọ̀ tuntun ti jáde.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ohun tí Príncipe fi hàn ni pé àyè ṣeé tẹ̀. Kò fi hàn pé ó ń mì. Ẹ̀rí ti ìgbì ṣì jìnnà.

III. Iyè méjì Einstein

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá kì í ṣiyè méjì. Ìtàn yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìṣírò tí Einstein tẹ̀ jáde ní ọdún 1916 ní àṣìṣe nínú, òun fúnra rẹ̀ sì ní láti tún un kọ ní ọdún 1918. Eddington pẹ̀lú, ní ọdún 1922, fi hàn pé díẹ̀ nínú àwọn ìgbì tí ó wà nínú ìṣírò náà kì í ṣe ìgbì rárá, bí kò ṣe ohun tí ọ̀nà tí a gbà ṣírò dá sílẹ̀.

Ní ọdún 1936 ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀. Einstein, tí ó ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Nathan Rosen, kọ ìwé kan pé ìgbì òòfà kò sí. Olóòtú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fún onímọ̀ mìíràn ní ìwé náà kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni yẹn sì rí àṣìṣe níbẹ̀. Inú bí Einstein, ó gba ìwé rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde níbòmíràn ní ọdún 1937, ó ti rí i pé àṣìṣe wà nítòótọ́, ó sì yí ọ̀rọ̀ ìparí ìwé náà padà. Ó kú ní ọdún 1955, kò sì sí ẹni tí ó tíì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìgbì náà wà tàbí kò sí.

Ìpàdé kan ní Chapel Hill ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1957, ni ó tú kókó náà. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé ṣé ìgbì náà lè gbé agbára kankan, àbí orí ìwé lásán ni ó wà. Richard Feynman fi ìlẹ̀kẹ̀ dáhùn. Ó ní kí a ki ìlẹ̀kẹ̀ méjì bọ ọ̀pá kan, kí wọ́n má le jù, kí wọ́n má sì dẹ̀ jù. Bí ìgbì òòfà bá kọjá, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò máa sún síwá sún sẹ́yìn lórí ọ̀pá. Bí wọ́n bá ń ha ọ̀pá, ọ̀pá náà yóò gbóná. Ooru kò lè ṣàdédé wá. Ìgbì náà ni ó gbé agbára wá, nítorí náà ohun gidi ni, ohun tí ó sì jẹ́ gidi, ẹ̀rọ lè rí i mú.

IV. Joseph Weber

Weber wà ní ìpàdé yẹn. Ó padà sí Yunifásítì Maryland, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí: ó kọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ìgbì náà. Igi-irin ńlá roboto ni, tí a fi alumíníọ́mù ṣe, irú èyí tí àwọn ènìyàn wa fi ń rọ ìkòkò. Èrò rẹ̀ ni pé bí ìgbì tí ohùn rẹ̀ bá ti igi-irin náà mu bá kọjá, igi-irin náà yóò dún díẹ̀, bí agogo ṣe ń dún nígbà tí a bá lù ú. Ó gbé ọ̀kan sí Maryland, ó gbé òmíràn sí ẹ̀bá Chicago, nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí ara wọn, kí ó má baà jẹ́ pé ọkọ̀ tí ń kọjá ni ó mì wọ́n. Ní ọdún 1969 ó kéde pé àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ti mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ariwo ta. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn onímọ̀ kọ́ irú ẹ̀rọ náà ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, ní Ítálì àti ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan nínú ẹ̀rọ wọn dára ju ti Weber lọ. Wọn kò rí nǹkan kan. Àwọn mìíràn ṣírò pé bí ohun tí Weber ní òun rí bá jẹ́ òtítọ́, agbára tí àgbájọ ìràwọ̀ wa yóò máa pàdánù yóò pọ̀ ju ohun tí ó lè fara dà lọ. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan pé kò rí ìgbì náà. Weber kò gbà títí ó fi kú ní ọdún 2000.

Mo fẹ́ kí ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa níbí, nítorí pé ibí ni gbèsè mi wà. Weber kì í ṣe òpùrọ́. Ó ṣe àṣìṣe nínú bí ó ti ya ohun tí ó ń wá sọ́tọ̀ kúrò nínú ariwo ẹ̀rọ. Bí kò bá sí i, bóyá ẹlòmíràn kì bá tí dáwọ́ lé iṣẹ́ náà rárá, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ gbà pé ó ṣeé ṣe. Èmi ni mo jẹ̀bi jù ú lọ. Òun yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò tọ̀sán-tòru. Èmi ka ojú ewé ìwé kan ṣoṣo, mo sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn baba wa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi gbọ́ ti ẹnìkan, mo sì dájọ́.

V. Ọmọ Nàìjíríà kan, àti ìràwọ̀ tí ń ṣẹ́jú

Ọ̀nà mìíràn là nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa kan sì rìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà. Samuel Okoye, ọmọ Amawbia ní ilẹ̀ Ìgbò, lọ sí Yunifásítì Cambridge láti kọ́ nípa ìràwọ̀ tí ń fọn ìtànṣán rédíò. Ní ọdún 1965, òun àti Antony Hewish kéde pé ohun kékeré kan wà ní àárín ìkùukùu ojú ọ̀run tí à ń pè ní Crab, ìyókù ìràwọ̀ tí ó bú gbàmù ní ọdún 1054, àti pé ìtànṣán rédíò tí ń ti ara rẹ̀ jáde ṣe àjèjì. Wọn kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ní ọdún 1967 ni Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ Hewish mìíràn, rí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tí ń ṣẹ́jú rédíò bí aago. Ní ọdún 1968 ni a sì rí i pé irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní inú Crab gan-an. Okoye padà wá sílé, ó sì dá ibùdó ìwádìí òfurufú sílẹ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ní ọdún 1972. Ó kú ní ọdún 2009.

Àwọn ìràwọ̀ aṣẹ́jú yìí, òkú ìràwọ̀ ńlá ni wọ́n. Ìwúwo wọn ju ti oòrùn lọ, síbẹ̀ ìbú wọn kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ. Bí a bá gbé ọ̀kan sí àárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ yóò ṣẹ́kù ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Ní ọdún 1974, Russell Hulse àti Joseph Taylor rí ọ̀kan tí ó ń yí ìràwọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ po ní wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 45. Bí ìgbì òòfà bá ń gbé agbára lọ, ó yẹ kí àwọn méjèèjì máa súnmọ́ ara wọn, kí ìyípo wọn sì máa yára sí i. Wọ́n ṣọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyípo náà ń dín ní ìdá 76 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá lọ́dọọdún, gẹ́lẹ́ bí ìṣírò Einstein ti wí. Ní ọdún 1993, wọ́n gba Ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ̀rí ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹni tí ó rí eérú tí ó sì mọ̀ pé iná jó. A kò tíì rí iná náà.

VI. Etí méjì ní Amẹ́ríkà

Rainer Weiss, olùkọ́ ní MIT, kọ ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 1972. Kàkà kí a lo igi-irin, ó ní kí a lo ìmọ́lẹ̀. A ó la ìmọ́lẹ̀ lésà sí méjì, a ó rán an gba ọ̀nà méjì tí ó dọ́gba tí ó sì ṣe igun, jígí yóò dá a padà. Bí ọ̀nà méjèèjì bá gùn bákan náà, ìmọ́lẹ̀ méjèèjì yóò pa ara wọn rẹ́. Bí ìgbì bá na ọ̀kan tí ó sì fún èkejì, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò yọ. Weiss, Kip Thorne àti Ronald Drever ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà rù. Barry Barish ni ó wá darí rẹ̀ nígbà tí ìkọ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994. Orúkọ rẹ̀ ni LIGO. Ibi méjì ni wọ́n kọ́ ọ sí: Hanford ní ìpínlẹ̀ Washington, àti Livingston ní ìpínlẹ̀ Louisiana, nǹkan bí 3,000 kìlómítà sí ara wọn. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà 4. Ẹ̀kọ́ tí Weber fi sílẹ̀ nìyẹn: ẹni méjì ni kí ó jẹ́rìí.

Láti ọdún 2002 dé 2010, wọ́n ṣọ́ ọ, wọn kò rí nǹkan kan. Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010 tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Àmì kan yọ nínú ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ fi oṣù mélòó kan yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kọ ìwé tí wọn yóò fi kéde rẹ̀ tán. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011 ni wọ́n pé jọ, tí wọ́n sì tú àpòòwé kan tí a ti lẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn díẹ̀ nínú wọn ni a yàn láti fi àmì èké náà sínú ẹ̀rọ ní ìkọ̀kọ̀, láti dán ìyókù wò. Gbogbo wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lè wáyé. Wọn kò mọ ìgbà. Wọ́n ti yàn láti tan ara wọn jẹ, kí ohun mìíràn má baà tàn wọ́n.

Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, nígbà tí agogo mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú 50 ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ Livingston mì. Ìdá 7 nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn náà, ti Hanford mì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi ara wọn ni pé, ta ni ó fi èké sí i? Kò sí ẹnikẹ́ni. Ihò dúdú méjì, tí ọ̀kan wúwo tó oòrùn 36, tí èkejì wúwo tó oòrùn 29, ni ó jó yí ara wọn po títí wọ́n fi di ọ̀kan. Ìwúwo tí ó ṣẹ́kù jẹ́ ti oòrùn 62. Ti oòrùn mẹ́ta ti di ìgbì. Ìgbì náà ti wà lójú ọ̀nà fún nǹkan bí bílíọ̀nù 1.3 ọdún, láti ìgbà tí kò tíì sí ẹranko kankan lórí ilẹ̀. Ọ̀nà oníkìlómítà mẹ́rin yẹn kò yí padà tó ìdá kan nínú irinwó ìbú prótọ́ọ̀nù.

Nígbà tí wọ́n sọ ìmìtìtì náà di ohùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sì gòkè wìì, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ gángan ní Ọ̀yọ́, bí àyàn ti ń fún ọ̀sán rẹ̀ mọ́ abíyá tí ohùn rẹ̀ sì ń ròkè, ti gbọ́ ohun tí ó jọ ọ́. Ìgbì yẹn kò sì kọjá ní Amẹ́ríkà nìkan. Ó gba gbogbo ayé kọjá. Ó gba ara ìyá tí ń pàtẹ ní ọjà Akẹ̀sán kọjá, ó gba ara akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, ó na gbogbo wa, ó sì fún wa, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2016 ni wọ́n kéde. Weiss, Barish àti Thorne gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017. Drever ti kú ní oṣù Kẹta ọdún yẹn.

VII. Àrá, mọ̀nàmọ́ná àti wúrà

Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ilẹ̀ Ṣàngó, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé mọ̀nàmọ́ná ni a ń rí kí a tó gbọ́ àrá, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ yára ju ohùn lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, a rí irú mọ̀nàmọ́ná àti àrá mìíràn. Òkú ìràwọ̀ méjì, irú àwọn aṣẹ́jú yẹn, kọlu ara wọn ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò rìn fún nǹkan bí mílíọ̀nù 130 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. LIGO àti ẹ̀rọ Virgo tí ó wà ní Ítálì gba ìgbì náà. Ìṣẹ́jú àáyá 1.7 lẹ́yìn rẹ̀, awò kan ní òfurufú gba ìtànṣán gámà. Lẹ́yìn ìrìn mílíọ̀nù 130 ọdún, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé pọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ pé ìyára wọn dọ́gba, bí Einstein ti wí.

Nínú ìmọ́lẹ̀ ìkọlù náà ni a ti rí àmì pé irú ibẹ̀ ni àwọn irin wíwúwo ti ń wá, wúrà pẹ̀lú wọn. Nítorí náà, wúrà tí a ń wà ní agbègbè Iléṣà, àti èyí tí ó wà ní etí àwọn ìyàwó wa, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé irú ìjà ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó bí i, kí ayé tó di ayé.

Láti ìgbà náà, ìgbì tí a ti rí ti lé ní igba. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ẹgbẹ́ onímọ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ kéde pé àwọn ti rí ẹ̀rí ìgbì tí ń fi ọ̀pọ̀ ọdún mì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìràwọ̀ aṣẹ́jú ni wọ́n fi ṣe aago. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn tí ń lo awò rédíò MeerKAT ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà gbé ẹ̀rí tiwọn jáde. Ìgbì tí LIGO gbà ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 sì hàn kedere ju ti àkọ́kọ́ lọ.

VIII. Kí ni ó kàn wá?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí ní ìbéèrè yìí láìpẹ́: Bàbá, kí ni èyí kàn wá, àwa tí iná mànàmáná kò dúró lọ́dọ̀ wa? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, n kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ìgbì òòfà kò ní í pọnmi fún wa. LIGO náwó tí ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé kí a lọ kọ́ irú rẹ̀.

Èsì mi pín sí mẹ́ta. Èkíní ni pé ìwọ̀n kì í ṣe àjèjì sí wa. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1908, wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1935. Ìran dé ìran ni àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ níbẹ̀ pé ẹni tí ó bá wọn ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó wo iye tí òun fi ṣìnà, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí LIGO ṣe kò ju èyí lọ. Wọ́n kàn ṣe é dé ibi tí ẹnìkan kò dé rí. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1990 ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní físíìsì. Àwọn ará Gánà mú awò ńlá kan tí a ti fi ń gba ìpè tẹlifóònù láti òfurufú, tí kò níṣẹ́ mọ́, ní Kuntunse, wọ́n sì sọ ọ́ di awò rédíò tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017. Èmi ti rí, ní ibi tí n kò ní í dárúkọ, ẹ̀rọ tuntun tí ó wà nínú àpótí títí ó fi dógùn-ún. Owó nìkan kọ́ ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Èkejì ni sùúrù. Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi rán, Johnson sì kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó kó àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ tí ó tún un kọ, ọdún 1921 ni ó sì tó jáde. Láti ìṣírò Einstein dé ìmìtìtì Livingston, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Iṣẹ́ tí ó bá ju ọjọ́ ayé ẹnìkan lọ, ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ ẹni ni à ń tọ́.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Láti ọdún 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dán an wò pé a lè fi Yorùbá kọ́ni ní ohun gbogbo, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, ó sì yọrí sí rere. Lónìí mo ti bá yín sọ̀rọ̀ ihò dúdú, ìràwọ̀ aṣẹ́jú àti ìgbì inú àyè àti ìgbà. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti yé yín, àìmọ̀ọ́sọ tèmi ni, kì í ṣe àìtó ti èdè.

Ó ku gbèsè mi. Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, níbikíbi tí ẹ bá wà: mo sọ fún yín pé a ti rí ìgbì òòfà. A kò tíì rí i nígbà náà. Ọdún 2015 ni a rí i. Mo sọ fún yín bí ẹni tí ó dá a lójú, n kò sì ní ẹ̀tọ́ sí ìdánilójú náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ fún àwọn ọmọ yín bí ó ti yẹ kí n ti sọ ọ́ fún yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pẹ̀lú pé olùkọ́ yín ni ó padà wá tún un ṣe.